Aṣọ Ìbejì

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ṣógúnlé nígbà yẹn á sọ fún yín pé ẹnu mi kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Bí obìnrin ilé wa kan bá jó ọbẹ̀, mo ní òwe fún un. Bí oníbàárà mi bá sanra kọjá aṣọ tó ní kí n rán kó tó wá gbà á, mo ní òwe fún òun náà. Aránṣọ ni mí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí kó jáde kí n má fi ọ̀rọ̀ kàn án. Àǹtí Tẹ́lọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ràn ẹnu mi yẹn púpọ̀, àfi bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Òun náà ló wá dá mi lẹ́bi.

Wọ́n máa ń ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, pé ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Èmi ni mo ṣu, n kò sì gbàgbé.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni à ń gbé, yàrá dojú kọ yàrá, páséèjì gígùn wà láàárín. Obìnrin Ìbò kan ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, òun sì ń ta edé àti pánla níwájú ilé. Kò pẹ́ tí wọ́n kó dé ilé wa ló bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, wọ́n jọra débi pé bàbá wọn gan-an máa ń ṣi wọ́n pè. Orúkọ ilé wọn kò rọ̀ mí lẹ́nu. Ìbejì la ń pe ọ̀kan, Ìbejì la ń pe èkejì, èyí tó bá gbọ́ lá á dáhùn.

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ba ìyá wọn. Ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé láyé àtijọ́, wọn kì í tẹ́wọ́ gba ìbejì nílùú àwọn, nígbà tó sì ti ọsibítù dé, ojú wa ló ń wò kó tó lè rẹ́rìn-ín. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá Ìbejì ló dà yẹn o. Ọba méjì lo gbé wọlé yìí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di olùkọ́ rẹ̀. Mo kọ́ ọ pé ohun tí a bá rà fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ rà fún èkejì. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Mo sọ ìtàn oríṣiríṣi fún un, nítorí ìbejì pọ̀ ní ìdílé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin bí wọn. Ọ̀kan dàgbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, èkejì dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà n'Íbàdàn, ńṣe ni àwọn méjèèjì sì ń sanra bí ẹni ń figagbága. Òun náà rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Kò sí ohun tí mo sọ nípa ìbejì tí kò ṣe. Bí mo bá ní kó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, á yí i po.

Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn. Àgékù aṣọ tí àwọn oníbàárà bá fi sílẹ̀ ni mo ń tò pọ̀, bákan náà sì ni mo máa ń rán an: bọ́tìnnì kan náà, ọrùn kan náà. Ọmọ mi obìnrin àgbà jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jọ ń ti aṣọ mi bọ eruku.

Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí nǹkan dàrú. Wọ́n ti pa àwọn Ìbò ní òkè Ọya, ọ̀rọ̀ ogun ti wà lẹ́nu gbogbo ayé, àwọn tó wà l'Ékòó náà sì ń palẹ̀ mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ Ìyá Ìbejì ti ṣáájú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gbá òwú àti àgékù aṣọ kúrò nílẹ̀, ó jáde sí mi. Ó pọn ọ̀kan, ó fa èkejì lọ́wọ́, ẹrù wà lórí rẹ̀. Lọ́ríì ń dúró dè é ní Òṣòdì. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ọ̀kan," ni ó wí. "Èyí tó ń wúkọ́ yìí. Lọ́ríì yẹn ti kún, eruku sì pọ̀ lọ́nà. Oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, tí gbogbo ẹ̀ bá rọlẹ̀, màá wá mú un."

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí lọ́kàn mi nígbà náà, kí n má fi ọ̀kan pamọ́. Mo rí àwọn sójà tó ń dá ọkọ̀ dúró ní títì, tí wọ́n ń wo ojú èèyàn, tí wọ́n ń bèèrè ibi tó ti wá. Mo rí ọmọ tèmi, ọmọ oṣù mẹ́fà tó wà lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ ikọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo rí yàrá wa, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo tún rí ara mi, bí màá ṣe máa jí fọ ìbora ọmọ tí kì í ṣe tèmi. Gbogbo èyí ti kọjá lójú mi kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ nìyẹn, yóò sì yé e, nítorí ẹ̀rù ń ba òun náà. Ṣùgbọ́n mo lẹ́nu. Òwe ni mo máa ń fún èèyàn, n kì í sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, a kì í ya ìbejì. Bí a bá yà wọ́n, ọ̀kan á bínú lọ."

Ó wò mí. Ó wo ọmọ tó ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ó dáa, Àǹtí. Mi ò mọ̀ ni." Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tó fẹ́ ṣàṣìṣe tí wọ́n sì bá a dá a dúró.

Mo sáré wọlé, mo mú aṣọ méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún wọn jáde, aláwọ̀ ewé tí ọrùn rẹ̀ funfun. Mo kó o fún un, mo ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ pọ̀. Mo tilẹ̀ sin wọ́n dé ìkóríta. Nígbà tí mo padà dé ìdí ẹ̀rọ mi, ara mi fúyẹ́, mo sì rò pé oore ni mo ṣe. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà púpọ̀ ní Ṣógúnlé. A ń gbọ́ nínú rédíò pé ìjọba ti dí ọ̀nà òkun àti ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ wọn, pé oúnjẹ kò lè wọlé, iyọ̀ kò lè wọlé. Èmi ń ra iyọ̀ tèmi bí mo ṣe fẹ́. Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin máa ń sọ pé ebi ló máa mú wọn túúbá, pé bí ebi bá tètè pa wọ́n, ogun á tètè parí, àwọn ọmọ wa tó lọ jagun á sì padà wálé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bèèrè pé àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́. Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní ogun kì í mọ ọmọdé. Mo gbé garawa mi rù, mo sì lọ sílé.

Bébà ìròyìn àtijọ́ la fi ń gé pátànù, èyí tí a ó fi lé aṣọ kí a tó gé e. Èyí tó ti ìlú òyìnbó wá ló dára jù, nítorí ó fẹ̀, kò sì tètè ya. Mo máa ń rà á ní òkìtì ní Òṣòdì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ọrùn bùláòsì sí i kí n tó wo ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ kan ni. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹran, irun rẹ̀ ti re. Ìlà ṣọ́ọ̀kì mi kọjá láti èjìká rẹ̀ kan sí èkejì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin ni. Mo ní, "Ọlọ́run, o ṣeun." Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọ ẹnì kan ló wà níwájú mi, mo sì ń dúpẹ́ pé òun ni.

Mo yí bébà náà padà, mo gé pátànù mi láti ẹ̀yìn. Ó dára púpọ̀. Mo fi kọ́ sára ìṣó pẹ̀lú àwọn yòókù, ọmọ náà kọjú sí ògiri, mo sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ogun parí, owó epo dé. Èkó yí padà lójú wa. Wọ́n ń la títì káàkiri Òṣòdì, ọkọ̀ oní-sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kí a simi, ìrẹsì òyìnbó àti mílíìkì inú agolo kún ọjà. Àwọn tí mo ń rán áńkárá fún tẹ́lẹ̀ ń kó léèsì wá. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ oní-iná. Ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ni mo ti gbọ́ ọ.

"Àǹtí Tẹ́lọ̀, ẹ̀yin ò mọ̀ pé Ìyá Ìbejì yín ti dé? Ó wà l'Ápákun, lẹ́bàá títì Ẹ́pọ́ọ̀tì, ó ń ta ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. N kò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Mo gé aṣọ aláwọ̀ aró kan tó dára, mo rán méjì, nítorí a kì í mú ẹyọ kan lọ kí ìbejì. N kò mọ ìwọ̀n wọn mọ́. Mo pe ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn ìbàdí rẹ̀, mo sì fi rán an.

Ìyá Ìbejì dìde nígbà tó rí mi. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n òun ni. A dì mọ́ra wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọkọ̀ ń kọjá. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, àwọn ọba mi dà?"

Ọmọbìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn páànù tó fi ṣe ibòji. Mo rò pé ọmọ ọdún márùn-ún ni. Mo ní, "Ẹ̀hẹ̀n, èyí ni àbúrò wọn?"

Ó ní, "Rárá o, Àǹtí. Ìbejì nìyẹn."

Mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà, mò ń retí kí èkejì tẹ̀ lé e. Mo ti na aṣọ méjèèjì síwájú. Ojú mi ṣì wà lẹ́yìn páànù yẹn nígbà tí ìyá rẹ̀ gba àwọn aṣọ náà lọ́wọ́ mi, méjèèjì. Ó wọ ọ̀kan fún ọmọ náà. Èjìká aṣọ já bọ́ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, etí aṣọ náà sì ń wọ́ nílẹ̀. Ara ọmọ tó jẹun yó ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo wọ̀n.

Ó ní kí n jókòó. Ó ń ṣa ẹ̀pà, ó ń sọ ọ́ fún mi, kò gbé ohùn sókè. Wọ́n sá láti ìlú dé ìlú. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, kò padà. Iyọ̀ di ohun tí èèyàn ń lá nínú àlá. "Àwọn aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn," ó ní, "mo fi ọ̀kan gba iyọ̀. Ìdérí ìgò kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan ló kù."

Nígbà tó yá, wọ́n dé ibì kan tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pín mílíìkì fún àwọn ọmọdé, ife kan fún ọmọ kan. Ara òun náà kò yá, kò lè dìde. Aṣọ kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ méjì, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa rìn níhòhò láàárín àwọn èèyàn. Èkíní á wọ aṣọ náà, á lọ tò, á mu mílíìkì rẹ̀ níbẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Á sáré padà, á bọ́ aṣọ, èkejì á wọ̀ ọ́, á sì lọ tirẹ̀.

"Àmọ́ ojú kan náà ni, aṣọ kan náà," ó ní. "Wọ́n á ní, ṣebí o ti mu tìẹ? Wọ́n á lé e. Àwọn náà ò jẹ̀bi, èrò pọ̀. Ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Á kàn padà wá jókòó tì mí. Èmi rò pé ó ti mu ún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀."

Mo bèèrè èwo ló lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀.

"Èyí tó ń wúkọ́ yẹn." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò nínú àwo. "Àǹtí, ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi yẹn. Wọ́n jọ wà pọ̀ dé òpin ni."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ òótọ́ fún un. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n," mo sì jẹ ẹ̀pà tó bù fún mi.

Láti ọdún náà, ní gbogbo Kérésìmesì àti Àjíǹde, aṣọ méjì ni mò ń rán. Wọ́n ṣáà ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, ohun tí a bá ṣe fún èyí tó kù, a ó ṣe é fún òun náà. Mo ń gbé mílíìkì lọ pẹ̀lú rẹ̀, agolo méjì méjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa máa ń tọ́ka sí mi pé ẹ wo ẹni tó ń ṣàánú àwọn tí ogun pa lára. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń tún gèlè mi ṣe. Bí n kò bá rí nǹkan fi bo ojú, mo máa ń dá orin sílẹ̀. Mo bínú sí ara mi, n kò sì jáwọ́.

Ọmọ náà ti pé mẹ́rìnlá nígbà tó wá bá mi fúnra rẹ̀ pé kí n wọn òun. Ó fẹ́ lọ sí ilé ìwé tí wọ́n á ti máa gbé. Ó ti ga, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ kò gbòòrò títí dòní. Mo na tépù mi lé e lẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹyọ kan ni kí ẹ rán lọ́tẹ̀ yìí."

"Kí ló dé?"

"Ó ti sú mi ni mà. Tí mo bá wọ èkejì, màámi á máa wò mí, àmọ́ kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé a kì í ya ìbejì. Ṣé òótọ́ ni mà?"

Tépù wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ náà ni ẹnu mi wá ọ̀rọ̀ tì. Nígbà tó pẹ́, mo ní kó máa lọ sílé, pé màá wá bá ìyá rẹ̀.

Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. N kò mú aṣọ lọ, n kò mú mílíìkì lọ. Mo jókòó sórí àpótí tó máa ń gbé fún mi, mo sì sọ ọ́ kí ẹnu mi tó rí ọ̀nà mìíràn gbà. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, irọ́ ni mo pa fún ẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sí èèwọ̀ kankan. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò fẹ́ tọ́jú ọmọ."

Ó ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ìtàn àwọn ọmọ àǹtí yín fún mi. Ọ̀kan l'Abẹ́òkúta, ọ̀kan n'Íbàdàn. Lọ́ríì ò tíì dé Ṣàgámù tí mo fi rántí. Mo ní kí dẹrẹ́bà dúró, ó ní ṣé orí mi pé."

N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo bèèrè ohun tó wá ń dúpẹ́ fún lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

"Inú bí mi, Àǹtí. Inú ṣì ń bí mi. Àwọn ọjọ́ míì wà tí ẹ bá gbé mílíìkì yín dé, ó máa ń ṣe mí bíi kí n dà á sí gọ́tà." Ó wá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Àmọ́ ní gbogbo Èkó yìí, ta ló kù tó mọ èyí tó ń wúkọ́ yẹn? Bàbá ẹ̀ ti lọ. Àwọn ará ilé yẹn ti kó lọ. Tí mo bá bá yín jà, ta ni màá tún sọ fún pé méjì ni wọ́n?"

Ẹnì kan wá ra ẹ̀pà, Ìyá Ìbejì dá a lóhùn, ẹni náà lọ. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ mí fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó wọlé, ó sì mú aṣọ kan jáde, aláwọ̀ ewé, tó ti rà sílẹ̀ fún ìlọsíléèwé náà. Ọ̀pá mẹ́fà ni. Ó fa á ya sí méjì pẹ̀lú ọwọ́.

"Ẹ rán ọ̀kan fún un," ó ní. "Ẹyọ kan, bó ṣe fẹ́."

Ó ká èyí tó kù, ó sì fi lé mi lọ́wọ́.

"Èyí, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Mo gbà á. Ti ọmọ tó ń lọ iléèwé ni mo kọ́kọ́ rán. Nígbà tí mo fẹ́ gé èkejì, n kò ní ìwọ̀n kankan fún ẹni tó ni ín àyàfi ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo rán an bẹ́ẹ̀, mo fi ọrùn funfun sí i. Ó wà nínú àpótí mi títí di òní. Mo máa ń sá a sóòrùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.